Òórùn Dòdò ní Dùgbẹ̀

Akínbíyì kì í gba ọ̀nà Mọ́kọ́lá lọ sílé tààrà bí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Oǹdó ni, akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó ní Dùgbẹ̀, ọkùnrin gíga tí aṣọ rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Bí iṣẹ́ bá ti parí nírọ̀lẹ́, yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, yóò dúró síbẹ̀, yóò máa gbọ́ òórùn dòdò tí wọ́n ń dín ní òdìkejì títì. Kì í rà, kì í sì í jẹ. Yóò gbọ́ òórùn náà tẹ́rùn, yóò wá lọ sílé lọ jẹ ẹ̀bà. Ta ló sì ń dín dòdò náà? Fúnlọ́lá ni, ìyàwó tó fẹ́ sílé.

Ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí wọ́n jọ ń gbé ní Mọ́kọ́lá, iwájú ilé wọn ni Fúnlọ́lá ti ń dín dòdò tà. Ẹyọ kan ló kọ́kọ́ máa ń sọ sínú agbada láti fi wò ó bóyá epo ti gbóná. Ẹyọ yẹn, ti ọkọ rẹ̀ ni. Akínbíyì á máa jù ú láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì títí yóò fi tutù, Fúnlọ́lá á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ọlọ́jẹkújẹ. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, ó sì dùn.

Lọ́jọ́ kan, Akínbíyì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ó fẹnu bà á fún àwọn ará ilé. Kíá, gbogbo wọn ti di oníṣègùn: jẹ̀dí ni! Ta ni ò mọ̀ pé ohun dídùn ló ń fa jẹ̀dí? Wọ́n ní kó jáwọ́ nínú ṣúgà, kó jáwọ́ nínú oyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Ó jáwọ́. Ó ń mu àgbo jẹ̀dí láàárọ̀, ó ń mu ún lálẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á lọ, ẹ̀jẹ̀ á tún dé. Nígbà tó sú u, ó wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù.

"Ìyá Bándélé," ó ní, "dòdò rẹ ló ń pa mí. Kódà èéfín rẹ̀ ti ń wọ̀ mí lára. Gbé agbada yẹn kúrò lójúde mi."

Ẹ gbọ́ o! Èéfín! Fúnlọ́lá wò ó títí. Ó gbé agbada, ó sì kó ẹrù rẹ̀ mọ́ ọn. Bándélé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná, kò sí ẹni tó máa bá wọn pẹ̀tù sí i.

Ọdún kẹta rèé. Àárò obìnrin náà ń sọ Akínbíyì débi pé bó bá jí, á kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ bóyá yóò gbọ́ híhó epo. Ó fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá, ó sì gbà pé bí òun bá mú un padà sílé, òun mú ikú wálé ni. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló ń dúró sí.

Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ ọ nídìí ìwọn kòkó, ó sì fìdí jókòó sórí àpò. Gbádérọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé àpò sórí ìwọn, bu omi fún un, ó sì bi í léèrè. Akínbíyì jẹ́wọ́ pé jẹ̀dí ni.

"Jẹ̀dí?" ni Gbádérọ̀ wí. "Èmi tí mo ṣe jẹ̀dí rèé. Tèmi ń yọ síta, màá fi ọwọ́ tì í padà. Ó ń yún mi, ó ń dùn mí, ẹ̀jẹ̀ pupa fòò á sì máa kán lẹ́yìn ìgbẹ́. Tìrẹ ń yọ?"

"Rárá."

"Ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí rí. Ẹ̀jẹ̀ yẹn dúdú díẹ̀, ó máa ń pò mọ́ ìgbẹ́."

"Ta ló wá wò ọ́ tó ní jẹ̀dí ni?"

Kò sẹ́ni tó wò ó rí.

Ní ọsibítù, wọ́n fi irin gbọọrọ tó níná lẹ́nu wo inú rẹ̀. Ojú tì í, àfi bíi kí ilẹ̀ lanu. Dókítà Olúrótìmí, ọ̀dọ́mọdé onísùúrù kan, ló ṣàlàyé fún un.

"Bàbá, kì í ṣe jẹ̀dí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nídìí ni jẹ̀dí. Tiyín, ẹran kékeré kan ló hù sínú ìfun, bí olú ṣe ń hù lára igi. Méjèèjì ló lè ṣẹ̀jẹ̀. Jẹ̀dí mìíràn kì í dunni, kì í sì í yọ síta, nítorí náà ẹnu ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi ká wò ó. Bí a bá fi irú ẹran yìí sílẹ̀, òmíràn a máa di jẹjẹrẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá lára rẹ̀ tó ń padà, tí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà, tó ń rù tàbí tí òòyì ń kọ́, kó má jókòó ti àgbo."

Wọ́n fi wáyà gbígbóná gé e kúrò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò tíì di jẹjẹrẹ. Wọ́n ní kó máa padà wá kí wọ́n máa wò ó.

Akínbíyì dìde, ó tún jókòó. "Dókítà, dòdò ńkọ́?"

"Dòdò wo?"

"Ṣé dòdò ló fà á?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, dòdò ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ jẹ̀dí gan-an, kì í ṣe dòdò ló ń fà á."

Dókítà rò pé inú Akínbíyì máa dùn. Ẹkún ló bú sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó lọ bá Fúnlọ́lá nídìí agbada, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, irin, olú, ẹ̀rín dókítà. Ó ní, "Ìyá Bándélé, kì í ṣe dòdò rẹ. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé."

Fúnlọ́lá ń yí dòdò padà nínú epo. Kò gbójú sókè.

"Bàbá Bándélé, mo ti máa ń rí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Lójoojúmọ́ ni mò ń wò ó pé ẹ máa sọdá. Èló lẹ fẹ́ rà?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó fa tọ́rọ́ yọ, ó nà án sí i. Fúnlọ́lá gbà á bó ṣe ń gba tẹni gbogbo, ó sì pọ́n dòdò sínú ewé fún un. Kò sọ bóyá òun ń bọ̀ tàbí òun ò bọ̀. Akínbíyì yí padà láti máa lọ.

"Ẹ dúró," ni Fúnlọ́lá wí, "ẹ ò tíì gba ènì."

Ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ó gé ẹyọ kan, ó sọ ọ́ sínú epo láti fi wò ó bóyá ó ṣì gbóná.