Ọjọ́ Tí Katikíìsì Bá Àbúrò Mi Jẹun

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àbúrò mi obìnrin nígbà tí wárápá kọ́kọ́ gbé e. Ó ń gbá àgbàlá lọ́wọ́ ni. Ìgbálẹ̀ já bọ́, òun náà ṣubú tẹ̀ lé e. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ ni mo wà nítòsí jù, ṣùgbọ́n igbe nìkan ni mo lè ké. Ìyá mi ló sáré jáde láti ilé ìdáná, ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ ilá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀mù-Àrán là ń gbé. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ìyá mi sì jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì láti ilé bàbá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ nílé wa rí, àmọ́ lórí àìsàn yìí, kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò yà sí nínú àwọn méjèèjì. Bàbá mi gba hàńtú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, lọ́wọ́ áfáà, àbúrò mi mu ún. Ìyá mi gbé e lọ sí ilé àdúrà kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ló wà lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dè é lọ́wọ́, tí wọn kò jẹ́ kó jẹun. Nígbà tó padà wálé, ojú okùn wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wárápá náà kò sì lọ.

Kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà yẹn, inú sì ń bí mi sí Ọlọ́run. Torí ìyá mi nìkan ni mo ṣe ń lọ sí ẹ̀kọ́ katikísìmù nírọ̀lẹ́ Sátidé. Katikíìsì tó ń kọ́ wa, àgbẹ̀ ni. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, erùpẹ̀ oko kì í sì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo dìde, mo ní:

“Bàbá, bí èèyàn bá ń ronú jù, ṣé kò ní sọ ìgbàgbọ́ nù?”

Mo fẹ́ kó bínú ni. Kò bínú. Ó ní kí n jókòó.

“Tí mo bá gbin iṣu tán, mo máa ń gbàdúrà lé e lórí. Lẹ́yìn náà, mo tún máa ń gbé ọkọ́ lọ ro ó. Ṣé o rò pé mò ń bú Ọlọ́run ni pẹ̀lú ọkọ́ yẹn?”

“Rárá, sà.”

“Ọlọ́run tó ní ká gba òun gbọ́ náà ló fi ọpọlọ sí ọ lórí. Bí nǹkan bá ń rú ọ lójú, béèrè. Òótọ́ kì í bá òótọ́ jà. Bó bá jọ pé wọ́n ń jà, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ò tíì yé wa dáadáa.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mo lè gbé ìbéèrè mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò mi ṣubú láàárín Míìsà. Gbogbo ìjókòó tó yí wa ká ṣófo lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n wá ṣíbí fi sí i lẹ́nu, ẹlòmíràn ń béèrè epo pupa. Katikíìsì gba àárín wọn kọjá, ó kúnlẹ̀, ó fi fìlà rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún un, ó sì rọra yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu,” ló ń sọ. “Ẹ fún un ní atẹ́gùn. Ó máa jí.”

Ó sì jí lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, katikíìsì wá sílé wa. Ó ní kí ìyá mi gbé ọmọ lọ sí ọsibítù n'Ílọrin. Ìyá mi wo ilẹ̀.

“Bàbá, bí mo bá gbé e lọ, ṣé kò ní dà bíi pé mi ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́?”

“Ìyàwó wa, ta lo rò pé ó fún dókítà lóye?”

Katikíìsì wá yíjú sí àbúrò mi. “Ọmọ mi, ṣé mo lè wo ọwọ́ rẹ?” Àbúrò mi na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó wo àpá okùn yẹn pẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Àwòrán ara rẹ̀ ni Ọlọ́run fi dá ọmọ yìí. A kì í so ó bí ewúrẹ́. Àìsàn ló ń ṣe é, òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn.”

Ìyá mi bú sẹ́kún. Bàbá mi, tó ti ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà, wọlé, ó ní, “Ohun tí mo ti ń fẹ́ sọ látọjọ́ yìí nìyẹn.”

Ìyá mi nu ojú. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé hàńtú wá?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, mo sì rántí pé ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Katikíìsì bá wọn lọ sí Ìlọrin. Dókítà fún àbúrò mi lóògùn tí yóò máa lò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìṣubú tó ń wáyé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a kì í rí fún oṣù mélòó kan.

Àìsàn dín kù, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àwọn èèyàn kò dín kù. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n se ìrẹsì fáwọn ọmọ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin sídìí àwo kan. Àwo tirẹ̀ dá wà, lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn obìnrin tó bu oúnjẹ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí wọ́n gbọ́ láti kékeré ni pé itọ́ oní-wárápá máa ń ràn. Àbúrò mi jókòó nínú aṣọ funfun rẹ̀, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Katikíìsì mú ṣíbí kan, ó lọ jókòó tì í.

“Ṣé wàá fún mi jẹ?”

Àbúrò mi sún àwo sí àárín. Bàbá náà bu ìrẹsì, ó fi sẹ́nu, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Gbogbo ọgbà ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, obìnrin tó bu oúnjẹ náà gan-an gbé ẹran wá, ó fi sí àwo wọn, ó sì jókòó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé e, òun náà mú ṣíbí.

Mo ti di olùkọ́ báyọ́lọ́jì kí n tó bi katikíìsì nípa ọjọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀rù bà mí o! Sísítà ìjọ wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé fún mi pé kì í ràn. Orí mi ti gbà á, ọwọ́ mi ni kò tíì gbà. Mo wá ní, Olúwa, ẹ bá mi gbé ọwọ́ yìí.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo tún ń dúpẹ́ títí dòní. Ìgbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ọpọlọ èèyàn, ọkàn mi máa ń balẹ̀ bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà.

Àbúrò mi ti di aránṣọ. Ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀. Nígbà tí mo sìn ín lọ sí ọsibítù lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tó wọ híjáàbù wà níbẹ̀, láti Omupo. Ó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àbúrò mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ bá a.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé wárápá ni? Èmi náà ní in. Ẹ gbé e wá, kí n bá yín gbé e díẹ̀.”

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó wo aṣọ rẹ̀ tó dáa, ó wo ojú rẹ̀. Ó wá na ọmọ náà sí i.