Àtẹ̀gùn Méjìdínlógún Màmá Alágbàfọ̀

Aṣọ nọ́ọ̀sì ni Ọmọ́níkẹ́ ń fọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi fọ̀ ọ́ nínú ilé alájà kan ní Ìdí-Orò, Mushin, tí gbogbo àdúgbò fi gbàgbé orúkọ ẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Màmá Alágbàfọ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ló ti wá. Ọkọ ẹ̀ tètè kú, ó wá fi ọṣẹ, búlúù àti sítáàsì tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Túbọ̀sún, títí ìyẹn fi di ẹni tó ní tábìlì tiẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba.

Kànga wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn ilé. Yàrá Màmá wà lókè. Àtẹ̀gùn méjìdínlógún ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Páákó ni gbogbo wọn, ìkọkànlá sì ti sán, téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, á dún kẹ́ẹ́. Lójúmọ́, Màmá á fa omi garawa mẹ́rìnlá, á fọṣọ, á fún un, á sá a, á wá gbé e gòkè lọ lọ̀, torí òkè ni tábìlì àti áyọ́ọ̀nù eléèédú ẹ̀ wà. Áyọ́ọ̀nù yẹn wúwo bí ọmọ ọlọ. Nígbà tó fi pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, apá ẹ̀ ṣì le gbagidi. Yẹ̀kínnì, télọ̀ tó ń ránṣọ nísàlẹ̀, máa ń ní, "Màmá, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbá mi létí, Ṣómólú ni wọ́n á ti lọ hú mi wá o."

Lọ́dún 1975, ẹ̀kúnwó oṣù Údójì jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Túbọ̀sún gba tiẹ̀, ó ra àga onífóòmù kan, aṣọ pupa tó rí bí irun ológbò ni wọ́n fi bò ó. Ó gbé e sí páálọ̀ ẹ̀ ní Surulere, ó sì wá mú ìyá ẹ̀. Ohun tó fà á kò pamọ́. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn, ẹnìkan ti bi í níwájú gbogbo èèyàn pé, "Túbọ̀sún, ṣé ìyá ẹ ṣì ń fọṣọ ìdọ̀tí fún ọmọ ọlọ́mọ ni?" Ó ní kí ilẹ̀ ṣáà là kí òun wọlé.

Bí Màmá ṣe jókòó nìyẹn. Rosaline, ìyàwó Túbọ̀sún, tíṣà ni, ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń gbé oúnjẹ fún ìyá ọkọ ẹ̀. Ó ń gbé omi ìwẹ̀ sí balùwẹ̀ fún un, ó ń ki sílípáàsì bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Tí Màmá bá fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, á pariwo: "Èèwọ̀! Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ará ilé iwájú máa bú mi ni?"

Oṣù mọ́kànlá. Níbẹ̀rẹ̀, Màmá kàn ń dìde bí èèyàn. Nígbà tó yá, ó di kó fọwọ́ ti àga kó tó lè dìde. Lẹ́yìn ìyẹn, Rosaline ń fà á lọ́wọ́ kan, ó tún di ọwọ́ méjì. Ìró tó máa ń fún un nítan tẹ́lẹ̀ wá fẹ̀ jù fún un. Kò sí ibi tó ń dùn ún. Gbogbo wọn ní àgbà ló dé.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan ní oṣù kẹrin 1976, wọ́n lọ gba kọmúníọ̀nù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Màmá kúnlẹ̀, ó gbà, kò lè dìde. Èèyàn méjì ló kì í lábíyá mú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wọ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Nínú mọ́tò, bí wọ́n ṣe dé Costain, ó yíjú sí Túbọ̀sún.

"Mushin ni mò ń padà sí."

"Màmá, oṣù keje ni mo fẹ́ dá yàrá yẹn padà fún onílé. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gun àtẹ̀gùn?"

"Ẹsẹ̀ ni màá fi gùn ún."

Inú bí Túbọ̀sún. "Ó dáa. Tí ẹ bá lè gun méjìdínlógún yẹn kí oṣù keje tó parí, láìsí ẹni tó dì yín mú, màá kó ẹrù yín padà fúnra mi. Tí ẹ ò bá lè gùn ún, ká má sọ ọ́ mọ́."

"Mo gbọ́," ni Màmá wí.

Nọ́ọ̀sì Mabel ló ránṣẹ́ pè. Kọ́sítọ́mà ẹ̀ àtijọ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó dá lẹ́sẹ̀ bí wọ́n á ṣe tún rìn. Mabel fọwọ́ tẹ itan Màmá bí ẹni tó ń yẹ ẹran wò lọ́jà.

"Màmá, ta ló jí ẹran itan yín?"

"Ọjọ́ orí ni, ọmọ mi."

"Ọjọ́ orí mú díẹ̀. Àga pupa yìí ló kó ìyókù."

Ó wá yíjú sí Túbọ̀sún àti Rosaline. Ó ní látìgbà téèyàn bá ti lé lógójì ọdún ni ẹran ara ti ń dín díẹ̀díẹ̀, kódà lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tí ẹni tó ti dàgbà bá jókòó gẹlẹtẹ, eré ló fi ń lọ. "Garawa mẹ́rìnlá yẹn ló ń mú wọn dúró, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ wọn." Ó ní ẹran àgbà ṣì máa ń jẹ́ ìpè téèyàn bá fi iṣẹ́ pè é, kì í kàn yá bíi tọmọdé ni, gbogbo ẹ̀ ò sì ní padà.

Ó to ìrọ̀rí méjì sórí àga kí ìjókòó lè ga. Ó ní kí Màmá káwọ́ sáyà, kó dìde, kó jókòó: mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Kó máa gbé agolo mílíìkì tí wọ́n rọ iyanrìn sí, bó bá yá, garawa omi. "Ẹyin àti ẹran tí ẹ máa ń yọ fún àwọn ọmọ-ọmọ yín nídìí ọbẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ fúnra yín."

"Kí n máa jẹ ẹyin bí ọmọ kékeré?"

"Ẹ jẹ ẹ́, Màmá."

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, itan ń ro Màmá débi pé ó ń ṣépè fún àga. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n yọ ìrọ̀rí kan. Lọ́sẹ̀ keje, wọ́n yọ èkejì. Nígbà tó wá kan garawa, Rosaline á kọ́kọ́ fa kọ́tìnnì, kí àwọn ará ilé iwájú má bàa rí ìyá ọkọ ẹ̀ tó ń ru omi kiri páálọ̀.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù keje, wọ́n lọ sí Mushin. Yẹ̀kínnì, tó ti gbọ́ àdéhùn náà, ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. "Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o. Èmi ni rẹfirí."

Màmá ká ìró sókè, ó bẹ̀rẹ̀. Túbọ̀sún ń tẹ̀ lé e, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ mú adìyẹ. Mẹ́fà. Mẹ́jọ. Ó dúró, ó mí. Ìkọkànlá dún kẹ́ẹ́, Màmá sì gbá ògiri mú.

"Ẹ ti di nǹkan mú!" ni Túbọ̀sún wí.

"Ṣé èèyàn ni ògiri?" Yẹ̀kínnì pariwo láti ìsàlẹ̀. "Láìsí ẹni tó dì wọ́n mú lẹ wí! Màmá, ẹ máa lọ jàre!"

Màmá ń lọ. Ó dé òkè, ó ṣílẹ̀kùn. Eruku bo tábìlì, áyọ́ọ̀nù ti dípẹtà. Ó fọwọ́ kan gbé e, kò ṣeé gbé. Ó fi ọwọ́ méjì sí i, ó gbé e sókè, ó gbé e kalẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Túbọ̀sún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀wù ẹ̀ ti rin fún òógùn. Ó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Màmá fẹsẹ̀ ti àpótí sẹ́yìn.

"Dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ. Ẹrù mi ń bẹ nínú mọ́tò, ilẹ̀ yìí sì fẹ́ omi."

Túbọ̀sún sọ̀kalẹ̀ lọ fa omi. Garawa àkọ́kọ́ dé òkè. Ìkejì ò kọjá ìkọkànlá. Ó gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, ó jókòó tì í, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Màmá jáde wá wò ó láti òkè.

"Mẹ́wàá láàárọ̀," ó ní, "mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Àga ṣáà ti wà nílé ẹ."