Ta Ló Rán Èéfín?

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹṣin tí onílé wa gùn wá sí mítìn ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó jókòó sórí àga oníke nínú ọgbà ilé wa ní Pápá Àjàó, ó tún fìlà dé, ó ní: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Gbogbo ayálégbé mi orí. Ọmọ tí à ń wí kò tilẹ̀ kú. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ ni màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó bí mi ló ti wà nínú ilé yẹn. Tí ẹnu ilé bá kò lọ́jọ́ náà pé òun ni, yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ìdí tí wọ́n fi pe mítìn nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le rárá láti yé ènìyàn. Bàbá ọmọ náà, tó ń ta páátì mọ́tò, ra jẹnẹrétọ̀ kékeré. Nítorí olè, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń tàn án sí láti ìgbà ọyẹ́. Nígbà yẹn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í wà ní títì. Òjò wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ní: "Bàbá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé nǹkan yìí síta. Èéfín ò ríbi gbà jáde mọ́, ó lè pa ọmọ yín o. Tí ẹ ò bá gbọ́, ẹ máa rí i." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di òwúrọ̀, wọ́n jí ọmọ, ọmọ kò jí. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù, dókítà sì sọ fún wọn pé èéfín ni. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ọmọ yè.

"Ẹ máa rí i." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n dì mú. Ìyá tèmi sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà tí mo bá ń sáré lórí ilẹ̀ tó tutù, mo sì ṣubú lóòótọ́, kò sẹ́ni tó pè é ní àjẹ́. Lẹ́nu ẹni tí a fẹ́ràn, ìkìlọ̀ ni. Lẹ́nu arúgbó tí kò ní ọkọ mọ́, èpè ni.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, dókítà ti ní èéfín ni."

Bàbá ọmọ náà ní, "Èéfín ni, a gbọ́. Ta ló wá rán èéfín? Láti ìgbà ọyẹ́ ni jẹ́n ti wà níbẹ̀, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àfi ọjọ́ tí ìyá yìí lanu."

"Ọjọ́ yẹn náà lẹ ti ilẹ̀kùn. Ká ní màmá ò sọ̀rọ̀, ṣé èéfín á di omi ni?"

Onílé wò mí. "Ṣé ìwọ ti bímọ?"

Mi ò tíì bímọ.

"Ó dáa. Jókòó."

Gbogbo wọn kùn pé ó ti dáhùn. Ìdáhùn nìyẹn lójú wọn, pé inú mi kò gbé oyún rí, nítorí náà ilẹ̀kùn kò tì. Tíṣà kan tó ń gbé yàrá iwájú, tó ń fi ẹgba kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ní gbogbo wa ò lè ṣìnà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ẹ̀fọn náà pọ̀ jù wá lọ nínú ilé yìí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo fojú tẹ́ńbẹ́lú gbogbo wọn, títí dòní ni mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá ọmọ kọjú sí màmá, ó ní, "Tí ọwọ́ rẹ bá mọ́, kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?" Ẹni tó ń pè ní "ẹ" títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti di "o".

Màmá ní, "Èmi ni mo kìlọ̀ fún yín."

"Ẹ ti gbọ́," ni onílé wí. "Ó ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́."

Wọ́n ní kó kó jáde kí oṣù tó parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ń lọ, èmi ni mo ru àpótí rẹ̀ lọ sí ìdí kẹ̀kẹ́. Òjò ṣú. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, jẹnẹrétọ̀ ń dún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ náà sì ń sùn lórí ẹní nínú yàrá wọn. Màmá rí i. Ó dúró, ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

Mo ní, "Màmá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó fa aṣọ rẹ̀ wọlé. "Kí n ní kí ni? Tí mo bá sọ ọ́, tó sì ṣẹlẹ̀, èmi náà ni."

Mo padà wọlé, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu. Ìyá ọmọ náà pè mí láti inú yàrá, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n tì í, òjò ń bọ̀.