Igun Kọ́ńtà Tó Wú

Fún odidi oṣù mẹ́ta, ojú olè ni mo fi ń wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ẹ̀, kò jí nǹkan kan.

Àwa méjèèjì la jọ ń ta oúnjẹ àárọ̀ ní Àgùdà, nínú káráfáànù tòkúnbọ̀ kan, ilé kékeré onítáyà tí àwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n bá ń lọ gbafẹ́. Ọjà Ládìpọ̀ la ti rí i. Àwọn tíṣà iléèwé tó wà lódìkejì títì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa: ẹ̀wà, búrẹ́dì, ẹyin díndín, tíì gbígbóná. Ìyàwó wa mọ oúnjẹ sè jù mí lọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ pẹ̀lú, àmọ́ torí pé mo ti wà nílé kí wọ́n tó gbé e wọlé, Àǹtí ló ń pè mí. Bó bá fi mí sílẹ̀, mo mọ̀ pé ọjà náà dojú dé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fóònù kan ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ó wu èmi náà kí n ní ibi tèmi." Ó rò pé n kò sí nítòsí. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń bi ara mi pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Káfíńtà tó bá wa tún káráfáànù náà ṣe ti kìlọ̀ fún wa nípa kọ́ńtà tí a ti ń pèsè oúnjẹ. Fọ́máíkà dídán ló wà lókè, omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí omi bá sì rí ojú ihò wọ ibẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní ká máa nu omi lójú ẹsẹ̀, ká má sì fi àkísà tútù sílẹ̀ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ dé, igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wú sókè bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó wa máa ń dúró sí.

Mo wá di ọlọ́pàá inú. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yí ibi tó wú ká, kí n lè mọ̀ bó bá ń fẹ̀ sí i. Ó ń fẹ̀. Mo yẹ àkísà ìyàwó wa wò bóyá ó fún un gbẹ. Ó fún un gbẹ, ìyẹn gan-an ló sì tún bí mi nínú: ta ló ń fún àkísà gbẹ tó báyìí bí kò bá ní ohun tó ń fi pa mọ́? Lọ́jọ́ kan, mo bá tówẹ̀lì àtijọ́ tó tẹ́ sórí igun náà. Mo ní ó ti ń pa ojú ẹsẹ̀ rẹ́.

Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo pè é.

"Ìyàwó wa, ta ló ń da omi sí kọ́ńtà yìí?"

"Àǹtí mi, èmi náà ń wò ó, kò yé mi. Mo tiẹ̀ ti ra sílíkọ́ọ̀nù, mo ti fi dí etí síńkì yí po. Ẹ wò ó."

"O ò sì sọ fún mi? Àbí o ti mọ ibi tó ń jò tẹ́lẹ̀ ni?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ nǹkan tó wà nínú yín."

Mo sọ ọ́. Mo ní ṣe ló fẹ́ kí káráfáànù náà sú mi, kí n kó kúrò, kó lè di ibi tirẹ̀. Ó sunkún gan-an. Ó ní ká pe káfíńtà. Bó bá ní ẹ̀bi òun ni, òun máa lọ.

Káfíńtà dé láti Mushin lọ́jọ́ kejì. Ó wo abẹ́ síńkì, ó gbẹ. Ó fìka kan sílíkọ́ọ̀nù náà, ó ní ẹni tó ṣe é mọwọ́. Ó wá ṣí fọ́máíkà níbi tó kan ògiri.

"Ẹ wò ó, ibí lomi ti ń wọlé. Kì í ṣe omi abọ́ fífọ̀ o. Ẹnì kan ló ń da omi síbí láràárọ̀, díẹ̀díẹ̀."

Mo fẹ́ sọ pé òjò ni, nínú ọyẹ́. Mo mọ ẹni náà. Ìyá mi ló fi kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà ránṣẹ́ sí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, pé kí n máa wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà káráfáànù kí oníbàárà lè pọ̀. Láràárọ̀, kí ìyàwó wa tó dé, mo máa ń wọ́n ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sórí kọ́ńtà. N kì í sì í nù ún. Èmi tí mo ń yẹ àkísà ẹlòmíràn wò, n kì í nù ún, torí ẹnì kan kì í nu omi àdúrà nù. Ṣe la máa ń jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Ojú tì mí, àmọ́ mo jẹ́wọ́ lójú àwọn méjèèjì.

Ìyàwó wa bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Àǹtí mi! Omi àdúrà! Ẹ ò bá pè mí, kí n bá yín ṣe àmín." Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọkàn mi balẹ̀ pé ó ti tán.

Ìyàwó wa wá wo kọ́ńtà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Àmọ́ ibòmíràn kò wú. Ṣé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ ń wọ́n ọn sí ni?"

Mo lè parọ́. Irọ́ ti sú mi.

"Ibi tí o máa ń dúró sí nìkan ni," mo ní, "láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó tú épúróònù ara rẹ̀, ó fi nu igun náà, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ó dàbọ̀, mà."

Ọdún kan ti kọjá. Èmi nìkan ni mò ń tà. Kọ́ńtà tuntun náà gbẹ táútáú.