Sáfáránì Tí Ọkọ Mi Wá Fún Àlejò

Òórùn ìrẹsì ni mo fi máa ń rántí ilé àwọn olùkọ́ tí a gbé ní Ṣakí. Kì í ṣe ìrẹsì tiwa o. Ìrẹsì tí wọ́n fi bọ́tà sè ni, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ jó mọ́ ìkòkò díẹ̀díẹ̀ títí tó fi pọ́n, tó sì le gbagidi. Ojú fèrèsé ilé kejì ni òórùn náà ti máa ń jáde, á fo ọgbà, á wá bá mi níbi tí mo ti ń gúnyán fún ọkọ mi. Ọkọ mi á gbé imú sókè díẹ̀. Ìwọ náà lọ́kọ, o mọ irú imú tí mo ń wí.

Obìnrin tó ń gbé ilé kejì yẹn, láti Ìránì ló ti wá. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba ni, tí wọ́n ń kó olùkọ́ wá láti òkè òkun bí ẹní ń kó iṣu wálé láti oko. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama tí ọkọ mi náà ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Èmi ní tèmi wà pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò lọ́kọ, á tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó sì lẹ́wà. N kò ní purọ́ fún ọ, ó lẹ́wà gan-an. Alárábù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn àgbà mùsùlùmí á sọ èdè Lárúbáwá sí i, wọn á sì máa bínú pé kò dá àwọn lóhùn ju sàlámà lọ. Ó ti ṣàlàyé títí pé Lárúbáwá kọ́ ni èdè ìlú òun. Ta ló gbọ́?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kó òun àti ọkọ mi pọ̀. Ọkàn obìnrin yìí kò kúrò lára ọbẹ̀ ìlú rẹ̀, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan. Ọkọ mi, ọmọ bíbí Ṣakí, ló bá sọ ara rẹ̀ di amọ̀nà. Lọ́jọ́ ọjà, á gbé e sẹ́yìn alùpùpù, wọn á máa wá ohun tó ń pè ní límù kiri. Ọsàn wẹ́wẹ́ gbígbẹ ló ń wá. Àwọn Hausa tó ń ta èso gbọ́ límù, wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, ni wọ́n bá wọn ọsàn mímu fún wọn kún àpò, nítorí ọsàn náà ni àwọn Hausa ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì gbé àpò ọsàn délé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Ẹ̀rín yẹn kò bá mi lára mu rárá. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọsàn wẹ́wẹ́ gidi, ọkọ mi sì gun orí òrùlé lọ sá a sóòrùn fún un. Òrùlé tiwa ń jò nígbà náà o. Ó ti tó òjò méjì tí mo ti ń sọ ọ́.

Òjòwú ò lẹ́ran láyà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Mo rù lọ́dún yẹn. Ìyá ọkọ mi á wò mí, á ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí oúnjẹ nílé yín ni?"

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ti Ìbàdàn dé. Mo tú àpò rẹ̀, mo rí àsálà, tútù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lóko. Wò ó, inú mi dùn bí ọmọdé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, inú igbó ni wọ́n bí mi sí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkọ wá sí ilẹ̀ ọ̀dàn yìí, n kò tíì fi àsálà kan ẹnu. Mo sè díẹ̀ níbẹ̀, mo pa á, mo ń jẹ, mo ń kọrin. Ọkọ mi ti balùwẹ̀ jáde, ó ní, "Háà! Má jẹ ẹ́ tán o. Ti tíṣà Ìránì ni. Ó fẹ́ lọ̀ ọ́ sọ́bẹ̀." Àsálà yẹn korò lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ n kò tíì mu omi lé e.

Ìgbà tí ooru mú, ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò, ni ìyàwó aláàfáà àdúgbò wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nídìí kànga. "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o. Bàbá Ìbejì wá sọ́dọ̀ aláàfáà wa lánàá. Sáfáránì ni wọ́n wá wá. Wọ́n ní Alárábù ló ń fẹ́ ẹ."

Ẹni tó bá ti gbé láàárín àwọn mùsùlùmí Ṣakí mọ̀ pé sáfáránì kì í ṣe nǹkan ọbẹ̀. Tàdáwà ni, tàdáwà olówó gọbọi tí àwọn àlàájì ń mú bọ̀ láti Mẹ́kà. Òun ni aláàfáà fi ń kọ ọ̀rọ̀ sára wàláà, tí wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, tí èèyàn á gbé omi náà mu. Hàǹtú nìyẹn. Wọ́n ń mu ún kí ọmọ lè mọ̀wé, wọ́n ń mu ún kí ọjà lè tà. Wọ́n sì ń fún ọkùnrin mu kí ojú rẹ̀ má rí obìnrin mìíràn mọ́. Kí ni obìnrin tí kò lọ́kọ ń fi tàdáwà hàǹtú ṣe? Ta ni yóò mu ún?

N kò délé kí n tó dé ilé rẹ̀. Mo sọ korobá omi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó dúró nídìí sítóòfù, aṣọ tuntun ló wọ̀, ìkòkò ìrẹsì wà níwájú rẹ̀. Ife kan wà lórí tábìlì, omi inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Mo gbá ife náà mú.

"Kí lẹ fẹ́ fún ọkọ mi mu?" Mo fi òyìnbó kígbe mọ́ ọn.

"Mu?" Ó wò mí, ó wo ife. "Sáfáránì ni. Ìrẹsì ni mo fẹ́ dà á sí."

Ó rọra gba ife lọ́wọ́ mi, ó dà á sórí ìrẹsì funfun. Ìrẹsì náà yí padà lójú mi, ó pọ́n bí èso ìbẹ́pẹ. Ó ní ọjọ́ yẹn ni ọdún tuntun ìlú àwọn bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìlú náà ti dàrú, òun kò rí lẹ́tà gbà láti ilé mọ́, òun kò sì mọ̀ bóyá ìyá òun náà rí sáfáránì dà sí tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bu ìrẹsì sẹ́nu, kí ọkàn mi lè balẹ̀, ó sì bu tèmi fún mi. Mo fẹ́ kó burú. Kò burú.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ mi fi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ béèrè ohun tí mo wá ṣe. Obìnrin náà ló kọjú sí, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ó bi í pé, "Ṣé ó rí bó ṣe máa ń rí nílé yín?"

Mo jáde. Bó ṣe tẹ̀ lé mi délé, mo bi í pé, "Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

"Fẹ́ ta? Ìyá Ìbejì! Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Ilẹ̀ àjèjì ló wà, kò sì rí ohun tó mọ́ ọn lẹ́nu jẹ."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ kẹ̀? Kí ni ìwọ ń wá?"

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò mọ̀ ni, lóòótọ́ ni kò mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fẹ́ obìnrin náà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ja ìjà orogún. Ìyá mi jà á, ìyá ìyá mi náà jà á. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń bá ìbéèrè kan ṣoṣo du ọkùnrin, ìbéèrè nípa ilé tó bi àlejò, tí kò bi èmi rí? Mo fẹ́ dárúkọ ìkọ́kọrẹ́ ilé wa, mo fẹ́ dárúkọ ẹja tútù, ẹkún ló jáde. Ó jókòó tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, n kò sì dákẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun àsárì.

Obìnrin náà padà lọ lópin ọdún ẹ̀kọ́ yẹn. Mo ṣì ń jowú rẹ̀, àní títí dòní. Bí àwọn ìyàwó wa bá wá bá mi pé ọkọ àwọn ń sáré kiri nítorí obìnrin àlejò kan, n kì í bi wọ́n bóyá ọkùnrin náà fẹ́ fẹ́ ẹ. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, "Ìwọ ńkọ́? Nígbà wo ló bi ọ́ kẹ́yìn?"