Ẹtu Orí Àpáta

Mi ò lè rí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n má rántí bàbá tíṣà, ará Èkìtì tá a jọ gbélé ní Ìgàndó. Bí ìyàwó wọn bá ń jẹun, bàbá á dúró lẹ́nu ọ̀nà; bó bá kan bàbá, màmá á dúró.

Lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n pé, "Sà, ta ló fẹ́ jí iyán yín?"

"Ẹtu kékeré kan ń gbé orí àpáta ní gúúsù Áfíríkà. Bí akọ bá ń jẹ, abo á máa ṣọ́nà; bí abo bá ń jẹ, akọ á ṣọ́nà. Ìwọ tí o ò tíì láya, kí lo mọ̀?"

Nígbà tí màmá kú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni bàbá ò fi jẹun. Mo gbé iyán síwájú wọn, mo lọ kọ̀yìn sí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máa jẹun, sà. Mo ń ṣọ́nà."

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ tí wọ́n ń fọwọ́.

Nígbà tí wọ́n jẹ tán, wọ́n rọra tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n dúró síbẹ̀.

"Lọ bu tìẹ wá jàre."