Bàbá Mulẹ̀ àti Ẹyin Ìpetumodù

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Adéagbo ní Òkèrèwè, ọ̀rọ̀ ẹyin ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn. Lọ́dún 1994 ni. Àrùn ti pa gbogbo adìẹ Ìyá Ìkẹ́olúwa, díkóníìsì kan ní Ìpetumodù. Ìrètí tó kù fún un kò ju irínwó ẹyin lọ, inú àpótí tí gílóòbù ń mú gbóná ló sì kó wọn sí. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan ló yẹ kó máa tan gílóòbù náà, kó sì máa pa á, bí ẹ̀rọ tó ń wo ooru bá ti ròyìn fún un. Kọ́lápọ̀, àna rẹ̀ tó ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì, ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n gílóòbù kàn ń ṣẹ́jú ni, ẹyin sì ń tutù lọ.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Adéagbo ní Òkèrèwè, baba tó ń tún rédíò ṣe. Ó yọjú wo inú àpótí, ó mi orí.

"Wọn ò tíì mulẹ̀."

"Àwọn wo, Bàbá?" Ìyá Ìkẹ́olúwa béèrè.

"Bọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ tó ń wo ooru. Bátìrì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn mulẹ̀."

Màmá ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Nǹkan kan ò ní mulẹ̀ nínú ọgbà mi! Díkóníìsì ni mí o!"

"Wáyà dúdú kan ṣoṣo ni, Màmá."

Dúdú tó fi kún un yìí ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá.

"Bàbá," ni Kọ́lápọ̀ wí, "wáyà tó ń gbé ìròyìn kúkú wà níbẹ̀."

"Ìròyìn wà, ilẹ̀ tó máa dúró lé ni ò sí. Tí o bá dúró lórí àga, tí èmi dúró nínú kòtò, tá a ní ká fi orí wọn orí, ta ló máa mọ ẹni tó ga jù?"

Kọ́lápọ̀ bẹ̀rẹ̀ wo bátìrì méjèèjì. Ó ní, "Ó yé mi, sà. Ẹ kúkú fi òyìnbó pè é ní 'common ground', kí Màmá lè gbà."

"Èmi? Kí n sọ orúkọ ilẹ̀ baba mi dà nítorí ẹyin?"

Màmá fọwọ́ kan ẹyin kan. Ó ti ń tutù. Omi lé ròrò sí i lójú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é ní májẹ̀mú."

Adéagbo fa wáyà dúdú kan yọ lápò rẹ̀. "Kò burú. Kí ni májẹ̀mú náà bí kò ṣe ìmùlẹ̀ tó lọ ṣe ìrìbọmi?"

Màmá ò mọ̀gbà tó bú sẹ́rìn-ín. Kó tó nu ojú tán, Adéagbo ti fi léèdì jó wáyà dúdú mọ́ ilẹ̀ bọ́ọ̀dù àti ti ẹ̀rọ tó ń wo ooru. Gílóòbù tàn, ó dúró gbọin.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá òròmọdìẹ ló ń ké nínú àpótí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá dìde láti jẹ́rìí. Ayọ̀ ò jẹ́ kó rántí pé májẹ̀mú ló yẹ kó pè é. "Ọlọ́run rán Bàbá Adéagbo sí mi," ló pariwo, "wọ́n sì mulẹ̀ nílé mi!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú wò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn láti ẹ̀yìn pátápátá: "Àmín!" Adéagbo ni.

Láti ọjọ́ náà ló ti di Bàbá Mulẹ̀. Bí tọkọtaya bá ń jà ní agboolé, ẹnu ọ̀nà wọn ló máa dúró sí: "Ṣé wáyà dúdú yín ò já báyìí?" Ìbínú wọn á sì yí padà sí òun fúnra rẹ̀, wọn á jọ lé e jáde. Ó máa ń ní òun ti parí iṣẹ́ nìyẹn.

Ó kú lọ́dún 1999. Nígbà tí wọ́n sin ín, Ìyá Ìkẹ́olúwa ló bu erùpẹ̀ kẹ́yìn. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ẹyọ wáyà dúdú kan jáde, ó sì rọra jù ú sínú kòtò. Pásítọ̀ kàn ń wò ó.

"Ẹ sinmi, Bàbá," ni Màmá wí, ẹ̀rín àti ẹkún ń dà pọ̀ lójú rẹ̀. "Ilẹ̀ kan náà la jọ ní."